CMake tuntun lórí Linux àtijọ́: nínú ọ̀nà márùn-ún, èwo ló bá yín mu?

Ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní Ìwòròkò pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. CMake ni mo ń kọ́ńpáìlì láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ti ìkẹyìn yìí, ó ti dé 67% kí wọ́n tó gbé e."

"Bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú, sà. Tòkunbọ̀ ni, bí mo ṣe rà á nìyẹn."

"Kí ló wá dé tí o fi ń kọ́ńpáìlì rẹ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Lóòótọ́, àwọn kan ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fáìlì kan wà tí ì bá ti dáńlóòdù, kó tú u, kó sì ti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ kí omi iyán tó hó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí ẹnì kan jókòó kó fi àwọn ọ̀nà yìí wéra fún àwa tí à ń lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ níbi tí iná kì í ti í dúró.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí CMake jẹ́ fún ẹni tí kò tíì bá a pàdé. Ó máa ń ka fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní CMakeLists.txt, á wá kọ́ńpáílà (ohun tó ń sọ kóòdù tí èèyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe) àti àwọn làíbìrì tó wà lórí ẹ̀rọ yín kàn, lẹ́yìn náà ni á kọ Makefile tàbí fáìlì Ninja tí wọn yóò fi to sọ́fítíwíà náà pọ̀. Kitware, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000. Lónìí, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ C++ mẹ́wàá sílẹ̀, CMake ni ẹ óò bá nínú púpọ̀ nínú wọn.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé àwọn iṣẹ́ tuntun ń béèrè CMake tuntun, Linux àtijọ́ sì ní ti àtijọ́ nínú. CentOS 7 tó jáde ní 2014 gbé 2.8.12.2 wá. Ubuntu 16.04 gbé 3.5.1 wá, 18.04 sì gbé 3.10.2 wá. Nítorí náà, ohun tí ẹ óò rí lójú tẹ́mínà ni irú èyí:

CMake 3.16 or higher is required. You are running version 2.8.12.2

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí a kò pààrọ̀ ètò ìṣiṣẹ́ náà pátápátá. Ìdí pọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ kò ju 2 GB lọ kò lè gbé Ubuntu tuntun kó má mí hẹlẹhẹlẹ. Sáfà kan sì wà tí mò ń bójú tó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkẹ́rẹ́: CentOS 7 ló wà lórí rẹ̀, sọ́fítíwíà ìṣirò owó wọn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìyọnu, akọ̀wé wọn sì ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni yóò ṣàlàyé fún àwọn ìyá ọlọ́jà tí owó wọn wà níbẹ̀. Mo gbà fún un.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni mò ń wò, wọn kò sì wúwo bákan náà lójú mi.

Iná àti àkókò ló ṣáájú. Dátà ni àwọn ọmọ wa máa ń kọ́kọ́ rò, wọ́n á ní kóòdù orísun CMake kò ju nǹkan bí 11 MB lọ, nígbà tí èyí tí wọ́n ti kọ́ńpáìlì sílẹ̀ súnmọ́ 50 MB, wọ́n á sì mú èyí tó kéré. Ìṣirò náà kò pé. MB 40 tí ẹ fi pamọ́ yẹn, ẹ óò san án padà lórí epo jẹnẹrétọ̀, nítorí pé kọ́ńpáìlì lórí ẹ̀rọ àtijọ́ lè gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ọ̀nà tó kéré jù lórí dátà ló tóbi jù lórí iná. Bí ẹ bá rántí gbólóhùn kan nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ rántí ìyẹn.

Ìkejì ni agbára root, ìyẹn àṣẹ láti yí ohunkóhun padà lórí ẹ̀rọ: ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ náà, àbí ti yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ni? Ìkẹta ni glibc, ìyẹn làíbìrì C tí gbogbo sọ́fítíwíà tó wà lórí Linux gbára lé. Ti CentOS 7 jẹ́ 2.17, ti Ubuntu 16.04 jẹ́ 2.23, ti 18.04 jẹ́ 2.27. Ohun tí wọ́n bá kọ́ńpáìlì sórí glibc tuntun kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí ti àtijọ́. Ìkẹrin ni yíyọ rẹ̀ kúrò: bí ó bá bàjẹ́ lọ́la, ṣé ẹ lè pa á rẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ba nǹkan mìíràn jẹ́?

Kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ tẹ àwọn wọ̀nyí kí ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí:

cat /etc/os-release
uname -m
ldd --version
gcc --version
date

Ti ìkẹyìn yẹn kì í ṣe àwàdà. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú máa ń gbàgbé ọjọ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, á sì padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́. Bí ọjọ́ bá ti ṣìnà, ìkànnì tó ní https á kọ̀ yín sílẹ̀ pé ìwé ẹ̀rí òun kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ óò sì máa bú íntánẹ́ẹ̀tì yín lásán. Ẹ tún ọjọ́ ṣe ná. Bí ọjọ́ bá tọ́ tí https ṣì ń kọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ìwé ẹ̀rí tó wà lórí ẹ̀rọ náà ló ti gbó: ọ̀kan pàtàkì nínú wọn kú ní 30 September 2021, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọn kò tún ṣe látìgbà náà kò sì lè wọ àwọn ìkànnì tó gbára lé e mọ́. Ẹ fi fóònù yín dáńlóòdù fáìlì náà, kí ẹ fi okùn USB gbé e wọlé.

Èyí tó wà nínú àpò ètò ìṣiṣẹ́ náà

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilé wò kí ẹ tó lọ sọ́jà. Lórí CentOS 7, EPEL, ibi ìkó-sọ́fítíwíà àfikún kan, ní àkójọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cmake3, ẹ̀dà 3.17.5 ni. Ó ń gbé pẹ̀lú ti àtijọ́ láìjà, nítorí pé cmake3 ni ẹ óò máa tẹ̀ dípò cmake. Bí iṣẹ́ yín bá béèrè 3.16, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àmọ́ CentOS 7 ti kúrò lábẹ́ àbójútó láti 30 June 2024, mirrorlist.centos.org kò sì dáhùn mọ́. Bí yum, ohun tí CentOS fi ń gba sọ́fítíwíà, bá ń sọ pé òun kò rí orúkọ yẹn, ẹ ṣí /etc/yum.repos.d/CentOS-Base.repo. Ẹ fi # síwájú gbogbo ìlà mirrorlist, kí ẹ yọ # kúrò níwájú baseurl, kí ẹ sì yí mirror.centos.org padà sí vault.centos.org. Wọ́n ti kó EPEL 7 náà lọ sí àkójọ àtijọ́ Fedora, ẹ óò ní láti tún àdírẹ́sì tirẹ̀ ṣe lọ́tọ̀.

Lórí Ubuntu, ohun tí apt ní ni ohun tó ní. Kitware ní ibi ìkó-sọ́fítíwíà tiwọn fún Ubuntu, ṣùgbọ́n àwọn Ubuntu tí ọjọ́ wọn kò tíì kọjá ni wọ́n kọjú sí.

Ìdájọ́ tèmi: ó rọrùn jù, ó sì mọ́ jù, bí ẹ̀dà rẹ̀ bá tó. Bí kò bá tó, ẹ má ṣe bínú yọ ti àtijọ́ kúrò. Mo ti rí ẹni tó tẹ apt remove cmake, tí apt sì ka àkójọ gígùn kan fún un pé àwọn wọ̀nyí náà ń bá a lọ, ó tẹ Y láìkà á. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Tuntun yóò jókòó sí ibòmíràn.

Fáìlì tí Kitware ti kọ́ńpáìlì sílẹ̀

Èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ Ìwòròkò yẹn. Orúkọ fáìlì náà máa ń rí báyìí: cmake-3.27.9-linux-x86_64.tar.gz. Wọ́n kọ́ńpáìlì rẹ̀ lọ́nà tí glibc àtijọ́ fi lè gbé e, mo sì ti lò ó lórí CentOS 7 láìsí wàhálà kankan. Kò béèrè root, kò béèrè kọ́ńpáílà, kò fọwọ́ kan nǹkan kan tó wà lórí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀.

tar -xzf cmake-3.27.9-linux-x86_64.tar.gz -C $HOME
ln -s $HOME/cmake-3.27.9-linux-x86_64 $HOME/cmake
export PATH=$HOME/cmake/bin:$PATH
hash -r
cmake --version

Ẹ fi ìlà export yẹn sínú .bashrc kó lè dúró. Ìlà hash -r yẹn ń sọ fún bash pé kó gbàgbé ibi tí cmake àtijọ́ wà, bí ó bá ti há a sórí. Okùn tí ln ta yẹn náà ní ìwúlò. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà mìíràn lọ́la, ẹ tú u sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ yí okùn náà sí i. Bí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, ẹ pa fódà kan ṣoṣo rẹ́.

Àṣìṣe kan wà tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á mú bin/cmake nìkan nínú fódà náà, wọ́n á dà á kọ sí /usr/bin, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́n. Á wá dáhùn pé Could not find CMAKE_ROOT !!!, pẹ̀lú àmì ìyanu mẹ́ta. Kò burú bó ṣe ń pariwo yẹn: inú fódà share tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bin ni gbogbo ohun tó ń kà wà. Ẹ kó wọn lọ pọ̀ tàbí kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀.

Lórí sáfà Ìkẹ́rẹ́ yẹn, mo gbé tèmi sí /usr/local, mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi sudo (àṣẹ tí a fi ń ṣe nǹkan bíi root) sí i, ó padà di 2.8. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé sudo lórí CentOS 7 ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní secure_path, /usr/local/bin kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹ pe cmake pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ kíkún bí ẹ bá fẹ́ lò ó lábẹ́ sudo.

Ìmọ̀ràn kan lórí ẹ̀dà tí ẹ óò mú: ẹ má sáré sí 4. CMake 4.0 tó jáde ní 2025 ti jáwọ́ nínú àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀dà tí wọ́n béèrè kò tó 3.5, á sì sọ fún yín pé Compatibility with CMake < 3.5 has been removed. A lè fi -DCMAKE_POLICY_VERSION_MINIMUM=3.5 tù ú lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ sábà máa ń ní iṣẹ́ àtijọ́ nílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ dúró sí ọ̀wọ́ 3. Bákan náà, ẹ dáńlóòdù fáìlì SHA-256 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi sha256sum yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí.

Àléébù rẹ̀ kò ju pé Kitware kì í ṣe irú èyí fún Linux 32-bit mọ́. Bí uname -m bá dáhùn i686, ẹ kọjá síwájú.

pip

Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, pé a lè gba CMake bí ẹni gba làíbìrì Python:

python3 -m pip install --user cmake

Ó kéré ju fáìlì Kitware lọ ní dátà, kò béèrè root, ~/.local/bin ló ń jókòó sí. Lórí Ubuntu 18.04 tàbí CentOS 7 tó ní Python 3.6, ó dára gan-an, bí ẹ bá ti ṣe nǹkan kan ṣáájú: ẹ gbé pip fúnra rẹ̀ ga. pip 9 tí wọ́n gbé wá kò mọ irú àkójọ tuntun tí wọ́n ń pè ní manylinux2014, pip 19.3 ló bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní sọ fún yín. Á kàn lọ gbé kóòdù orísun, á fẹ́ kọ́ńpáìlì rẹ̀, á sì ṣubú pẹ̀lú No module named 'skbuild'. Àwọn èèyàn á wá máa wá skbuild kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, nígbà tó jẹ́ pé pip ló gbó.

python3 -m pip install --user --upgrade pip

Fún Python 3.6, yóò dúró sí 21.3.1, ìyẹn ìkẹyìn tó bá 3.6 lò, ó sì tó. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa tẹ python3 -m pip, ẹ má tẹ pip3 lásán, nítorí pé pip3 ti Ubuntu á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òun kò rí main.

Lórí Ubuntu 16.04, èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gba ọ̀nà yìí. pip 8 tó wà níbẹ̀ kò mọ bí a ti ń bi àkójọ léèrè bóyá ó bá Python yín mu. Á gbé pip tó tuntun jù wọlé sórí Python 3.5, láti ọjọ́ náà lọ, pip á máa sọ SyntaxError. Ẹni tó fẹ́ tún ilé ṣe ti wó ògiri.

Kíkọ́ńpáìlì láti orísun

Ibi tí ọmọ Ìwòròkò wà nìyí. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí, mi ò ní purọ́. Ó ń kọ́ èèyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ iná jù, òun ló ń béèrè sùúrù jù.

Ẹ nílò kọ́ńpáílà C++ tó gbọ́ C++11, láti ẹ̀dà 3.10 ni CMake ti ń béèrè rẹ̀. GCC 4.8.5 ti CentOS 7 tó fún ọ̀wọ́ 3. Bí kọ́ńpáílà yín bá kéré ju ìyẹn, ìyẹn lórí ẹ̀rọ tí Ubuntu 12.04 ṣì wà, 3.9 ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Lórí CentOS, ẹ fi gcc-c++, make àti openssl-devel sí i. Lórí Ubuntu, build-essential àti libssl-dev. Lẹ́yìn náà:

./bootstrap --prefix=$HOME/cmake-3.27 --parallel=2
make -j2
make install

Ohun tí bootstrap ń ṣe dùn mọ́ mi. Ẹ̀rọ náà kò ní CMake tó tó, CMake sì ni a fi ń to CMake pọ̀. Nítorí náà, á kọ́kọ́ ṣe CMake kékeré kan tí kò ní ọ̀ṣọ́, á wá fi kékeré yẹn ṣètò ńlá, bí alágbẹ̀dẹ tó fi òòlù kékeré rọ òòlù tí yóò máa lò títí.

Bí ẹ bá gbàgbé openssl-devel, á dúró, á ní Could not find OpenSSL. Ẹ lè fi -- -DCMAKE_USE_OPENSSL=OFF sí ìparí ìlà bootstrap kọjá, ṣùgbọ́n CMake tí ẹ óò ní kò ní lè dáńlóòdù ohunkóhun láti orí https fúnra rẹ̀, àìmọye iṣẹ́ tuntun ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi OpenSSL sí i.

Ìyọnu kejì ni RAM. Ẹni tó ní 2 GB tó sì tẹ make -j4 (iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà) nítorí pé ó rí i níbì kan, yóò rí èyí láìpẹ́: internal compiler error: Killed (program cc1plus). Kọ́ńpáílà kò ṣẹ̀. Ìrántí ló tán, Linux sì pa ẹni tó ń jẹun jù. Ẹ dín in kù sí -j1, tàbí kí ẹ fi 2 GB lórí dísíkì ṣe swap, àyè tó ń ran RAM lọ́wọ́:

sudo dd if=/dev/zero of=/swapfile bs=1M count=2048
sudo chmod 600 /swapfile
sudo mkswap /swapfile
sudo swapon /swapfile

Ìyọnu kẹta ni iná, ibí sì ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ju bó ṣe rò lọ. Mo bi í pé, "Nígbà tí iná dé, kí lo ṣe?"

"Mo pa fódà náà rẹ́, mo tún un tú, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta! make kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ń wo àkókò tí wọ́n kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá ti parí, kò ní padà sí i. Ẹ kàn wọ fódà náà padà kí ẹ tẹ make lẹ́ẹ̀kan sí i, á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 67% tó wà. Nǹkan méjì péré ló lè dí i lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni fáìlì .o tó wà lẹ́nu kíkọ nígbà tí iná lọ: ó lè jẹ́ òfo tàbí àbọ̀, á sì farahàn nígbà tí ó bá fẹ́ so wọ́n pọ̀, pẹ̀lú File truncated. Á dárúkọ fáìlì náà. Ẹ pa ẹyọ kan yẹn rẹ́, kí ẹ tẹ make padà. Èkejì ni bátìrì kékeré tó ti kú tí mo sọ lókè. Bí ọjọ́ bá padà sẹ́yìn, gbogbo fáìlì tí ẹ ti ṣe á dàbí ẹni pé ọ̀la ni wọ́n kọ wọ́n, make á sọ pé Clock skew detected, kò sì ní mọ èyí tó yẹ kó tún ṣe. Ẹ tún ọjọ́ ṣe kí ẹ tó tẹ make.

Ẹ kíyè sí i pé fódà kan ṣoṣo ni mo fi prefix sí. Ẹni tó bá jẹ́ kó lọ sí /usr/local yóò nílò fódà tó ti kọ́ńpáìlì rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ yọ ọ́. install_manifest.txt tó wà nínú fódà tí ẹ ti kọ́ńpáìlì ló mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ ló sì ti pa fódà yẹn rẹ́ kó tó dọjọ́ náà.

Lórí láptọ́ọ̀pù tèmi tó ní kọ́ọ̀ méjì, ó lé ní ìdajì wákàtí. Ẹ fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti pẹ́ tó wà.

Àpótí Docker, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ilé pátápátá

Mi ò ní pẹ́ níbí. Docker, tó ń gbé Linux mìíràn sínú àpótí lórí ẹ̀rọ yín, dùn fún ẹni tó kàn fẹ́ rí i pé kóòdù òun ń tò pọ̀. Dátà tó ń jẹ kò kéré, nítorí pé lẹ́yìn àwòrán Ubuntu fúnra rẹ̀, build-essential tún ń bọ̀. Bí Docker yín bá sì jẹ́ ẹ̀dà tó ṣáájú 20.10.10, Ubuntu 22.04 á máa ṣe wérewère nínú rẹ̀ lọ́nà tí ẹ kò ní mọ orí rẹ̀. Àléébù tó wúwo jù ni pé ohun tí ẹ bá tò pọ̀ nínú àpótí tuntun kò ní ṣiṣẹ́ níta lórí ẹ̀rọ àtijọ́: version `GLIBC_2.34' not found ni ẹ óò rí. Bí orí ẹ̀rọ àtijọ́ náà ni ohun tí ẹ ń ṣe yóò ti ṣiṣẹ́, asán ni gbogbo rẹ̀.

Ní ti pípààrọ̀ ètò ìṣiṣẹ́, sáfà tó kojú sí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba kò yẹ kó wà lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó mọ́, CMake kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa rò. Bí Ubuntu 18.04 ni, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti tán ní 2023, àmọ́ Ubuntu Pro, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ márùn-ún, ṣì ń mú àtúnṣe ààbò wá fún un títí di 2028.

Kí ẹ tó yan: ohun tí CMake tuntun kò lè ṣe

Odó tuntun kò sọ ẹ̀gẹ́ di iṣu. Mo ti gbé CMake tuntun fún ẹnì kan tó dunnú, tó tẹ̀ ẹ́, tí iṣẹ́ náà sì sọ pé C++17 ni òun fẹ́, GCC 4.8.5 rẹ̀ kò sì gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ka CMakeLists.txt náà ṣáájú. Ẹ wá ibi tí CMAKE_CXX_STANDARD wà. Bí 17 ló wà níbẹ̀ tí ẹ sì wà lórí CentOS 7, devtoolset, ìyẹn àkójọ GCC tuntun fún CentOS, ni ẹ nílò, inú vault náà ló wà, bí ẹ kò bá sì lè rí i, ẹ má dààmú ara yín lórí CMake.

Ẹ wo òkè fáìlì náà pẹ̀lú, ìlà cmake_minimum_required. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀rọ ẹni tó kọ ọ́ ló kàn dà sílẹ̀ níbẹ̀, kóòdù náà kò nílò rẹ̀. Mo ti sọ 3.20 di 3.10 rí, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan ni, dátà rẹ̀ sì jẹ́ òfo.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní láptọ́ọ̀pù 64-bit, tí iná kò dá a lójú: fáìlì Kitware, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà yàrá ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní root, òun náà. Bí ó bá jẹ́ pé Python ni iṣẹ́ yín gan-an tí ẹ sì wà lórí 18.04, pip tó ti ga sókè á bá yín lò dáadáa.

Alábòójútó sáfà CentOS 7 tí ohun tó ń béèrè kò ju 3.17 lọ: cmake3 láti EPEL, kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ẹni tó ní ínfátà àti àsìkò, tó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú: orísun, pẹ̀lú -j tó bá RAM rẹ̀ mu.

Ẹ̀yin tí láptọ́ọ̀pù yín jẹ́ i686, tí ẹ rò pé orísun nìkan ló kù fún yín: ẹ kọ́kọ́ dán pip wò. Wọ́n ń ṣe àkójọ CMake 32-bit síbẹ̀, ohun tí Kitware fúnra wọn kò ṣe mọ́ lórí ìkànnì tiwọn. Bí Lubuntu 18.04 ló wà lórí rẹ̀, ẹ gbé pip ga, kí ẹ tẹ ìlà kan yẹn. Àfi bó bá kọ̀ ni kí ẹ tó tú orísun, kí ẹ fi -j1 sí i, kí ẹ sì yẹ ọjọ́ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.